Táyà iwájú gbóná, tẹ̀yìn tutù: ta ló ń ṣe ojúsàájú nínú ọkọ̀ yín?

Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà nínú ẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá láàárọ̀ pé kí wọ́n bá òun tún bíréèkì ẹ̀ ṣe, á sanwó páàdì iwájú, á sanwó láínì ẹ̀yìn, á sanwó iṣẹ́, á wá wa ọkọ̀ náà kiri ìlú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó bá délé tó sọ̀ kalẹ̀, á ní kóun sún mọ́ táyà wò. Họ́wù! Ooru ń jáde nínú rímù iwájú bí ìgbà téèyàn dúró ti ààrò àmàlà, tẹ̀yìn ò sì ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ọ̀gá, owó ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ gbà lọ́wọ́ mi, méjì péré lẹ ṣe. Bíréèkì ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo tú."

"Kí ló wá dé tí iwájú fi ń gbóná bí iná, tẹ̀yìn tutù bí omi àmù?"

Ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ ti máa ń dìjà. Mẹkáníìkì mọ̀ pé òun ò jalè, àmọ́ kò mọ bóun ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀, torí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ò ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ohun tóun náà gbọ́ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ta wá ni oníbàárà tó ti sanwó tán tó máa gba "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn"?

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀, mẹkáníìkì ló jàre ẹjọ́ yìí. Bíréèkì iwájú gbọ́dọ̀ gbóná ju tẹ̀yìn lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n sì rò tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tó bá wọ mólúè l'Ékòó nígbà tí mólúè ṣì pọ̀ níbẹ̀ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Dírẹ́bà á tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo àwọn tó wà lórí ìdúró á rọ́ lọ síwájú gììrì, ẹni tó wà lẹ́yìn á fi gbogbo ara lé ẹni tó wà níwájú ẹ̀, èpè á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí kọ̀ndọ́ bá wọn kìlọ̀ fún dírẹ́bà ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ọkọ̀ ló dúró, ara wọn ò tíì fẹ́ dúró. Ohun tó ń ṣe àwọn èrò yẹn náà ló ń ṣe ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni táyà ti di títì mú, òkè sì ni ìwúwo ọkọ̀ wà. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ń dúró tí òkè ṣì fẹ́ máa lọ, imú ọkọ̀ á tẹ̀ wálẹ̀, ìdí ẹ̀ á gbéra sókè díẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó bá dúró lójijì níwájú yín, ẹ ẹ́ rí i bó ṣe máa nàró lẹ́yìn bí àgùtàn tó fẹ́ mumi.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e lẹ́sẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wúwo tó kílò 1,200. Torí pé ẹ́ńjìnnì àti jíà ẹ̀ wà níwájú, nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, táyà iwájú méjèèjì á ru 720, tẹ̀yìn méjèèjì á ru 480. Ká tún ní láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn jẹ́ mítà méjì àti ààbọ̀, kí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ náà kóra jọ sí sì fi ìdajì mítà ga sílẹ̀. Tí dírẹ́bà bá wá tẹ bíréèkì gidi, irú èyí tó ń mú kí bẹ́líìtì ìjókòó há èèyàn láyà, tí agbára tó fi ń dúró jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, kílò 168 ló máa ṣí kúrò lẹ́yìn tó máa bọ́ síwájú. Iwájú á wá máa ru 888, ẹ̀yìn á ku 312. Ìyẹn ni pé nínú ìdá mẹ́rin iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ọrùn iwájú ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta wà. Tó bá sì jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ já èrò sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ohun tó máa ṣí lọ síwájú ò ní í tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iwájú náà ló ṣì máa ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí, ooru ni. Bíréèkì ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó gba eré lọ́wọ́ ọkọ̀ kó sọ ọ́ di ooru. Ọkọ̀ kílò 1,200 tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí wọ́n bá dá a dúró pátápátá, ooru tó máa jáde lára bíréèkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn tó ohun tó máa mú nǹkan bíi lítà omi kan àti ààbọ̀ hó látorí omi tútù. Ẹ rò ó wò, lítà kan àti ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, sítóòfù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé? Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò sì mọ̀ ni pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tó ń sá 50 tó dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru yẹn ló máa rí. Ẹni tó ń sá 140 lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó wá ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà tó bá bá tírélà lọ́nà, ó ń dáná ni, iwájú ló sì ń dá èyí tó pọ̀ jù sí.

Oníbàárà tó bá fẹ́ràn ẹjọ́ á ní ó dáa, kí ló dé táwọn tó ṣe ọkọ̀ ò fún ẹ̀yìn lágbára sí i kí wọ́n lè jọ pín in dọ́gba? Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà gan-an. Táyà tí ò ru ẹrù ò lè di títì mú. Tí wọ́n bá fún ẹ̀yìn ní bíréèkì tó lágbára bíi tiwájú, lọ́jọ́ tí ìwúwo bá ti sá lọ síwájú tán, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi kí ọkọ̀ tó dúró, á wá máa fà tùrùrù lórí ọ̀dà. Tí táyà iwájú bá dúró gbagidi, ọkọ̀ á kàn máa lọ tààrà ni, bí wọ́n yí sítíàrìn kò ní í gbọ́, èyí ò dáa, àmọ́ imú ọkọ̀ ṣì wà níbi tí imú wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dúró, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú imú, ọkọ̀ á yí bírí, ó lè kọ ẹ̀gbẹ́ sí tírélà tó ń bọ̀. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣe lójú òjò máa ń sọ pé òun ò mọ bó ṣe jẹ́, òun kàn rí i pé ibi tóun ti ń bọ̀ lòun kọjú sí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dìídì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kó rọra ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n fi nǹkan kékeré kan sójú páìpù ọ́ìlì tó ń lọ sẹ́yìn, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà bá ti ń wúwo jù, kó má jẹ́ kí agbára tó ń lọ sẹ́yìn pọ̀ tó tiwájú. Nínú àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é.

Nítorí ìdí kan náà ni irin tó wà níwájú ṣe yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wà láàárín ìlú. Dísíìkì ló wà níwájú, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Dísíìkì wà ní gbangba, páàdì á fún un lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i. Ti iwájú tún máa ń nípọn, wọ́n á dá ihò sáàárín ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ó dà bíi búrẹ́dì méjì tí wọ́n fi igi tín-ín-rín ya ara wọn. Dírọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ bo láínì mọ́nú bí ìkòkò tí wọ́n dé, ooru tó bá wọbẹ̀ kì í tètè jáde. Nítorí náà, dísíìkì iwájú lè gbóná kọjá dígíríì 300 tí dírẹ́bà bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, kó sì tún tutù kíá tí ọkọ̀ bá bọ́ sójú ọ̀nà gbalasa. Ilé iṣẹ́ Citroën ní ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé èyí dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ DS jáde lọ́dún 1955, iwájú ni wọ́n fi dísíìkì sí, wọ́n sì fi dírọ́ọ̀mù sílẹ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ooru wà ni wọ́n kó owó lọ.

Ó kàn jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà ò gbà. Lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ìwúwo tó ń sá lọ síwájú yìí le ju ti mọ́tò lọ, torí pé ọ̀kadà kúrú, ẹni tó gùn ún sì jókòó sókè téńté. Tó bá tẹ bíréèkì gidi, ó kù díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn má ru nǹkan kan mọ́. Bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn tiwájú, ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ lọ bi ọlọ́kadà mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ní ẹsẹ̀ lòun ń lò, ti ọwọ́ máa ń da èèyàn ṣubú. Òótọ́ ni pé ó máa ń da èèyàn ṣubú lórí yanrìn tàbí nígbà téèyàn bá já a pà lójijì. Lójú ọ̀dà tó gbẹ, ẹni tó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan á ṣì máa sá lọ nígbà tó yẹ kó ti dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń di ọ̀rọ̀ ikú ni pé àwọn kan gbọ́ apá kan, wọn ò gbọ́ ìkejì. Wọ́n gbọ́ pé iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, wọ́n wá sọ pé kí wá ni ti ẹ̀yìn ń ṣe? Ọkọ̀ akérò á dé ṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì bíréèkì ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ dírẹ́bà ní òun fẹ́ jáde nísinsìnyí, ọlọ́kọ̀ ń retí owó ọjọ́, kí wọ́n bá òun dọ́gbọ́n sí i. Ọgbọ́n tí wọ́n máa dá náà ni kí wọ́n dí páìpù tó ń lọ sí ẹsẹ̀ yẹn pa. Jíjò dúró, bíréèkì ń mú, dírẹ́bà dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á tún dí ìkejì. Ọkọ̀ tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró ti wá ń fi méjì dúró, kò sì sẹ́ni tó sọ fún àwọn èrò tó ń wọ̀ ọ́.

Ẹ tún padà sí ìṣirò àárọ̀. Nínú ọkọ̀ tó dá nìkan wà, tí iwájú bá ń ṣe ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, tó wá di pé gbogbo ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe, ooru tó ń bọ́ sórí ẹ̀ ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ọkọ̀ akérò tó kún dẹ́múdẹ́mú tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn lèrò jókòó sí, ẹ̀yìn lẹrù wà, nítorí náà táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ìwúwo tó fi lè di títì mú dáadáa, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe pọ̀ ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ irin ẹ̀yìn nínú àwọn bọ́ọ̀sì àti píkọ́ọ̀pù kan. Bí ẹrù bá ṣe ń tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá náà á máa jẹ́ kí agbára bíréèkì tó ń lọ sẹ́yìn pọ̀ sí i. Àwọn mẹkáníìkì kan rí ọ̀pá yìí, wọn ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n tú u dànù. Wọ́n ní ó ń pariwo.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí dísíìkì, iwájú nìkan ló ń dá gbogbo èèyàn yẹn dúró. Ooru náà kúrò lára dísíìkì, ó wọnú páàdì, ó gba ara páàdì wọnú kálípà, ó bá ọ́ìlì bíréèkì níbẹ̀. Ọ́ìlì náà hó. Nígbà tó bá hó, ó di ooru tó ń fò bíi ti ìkòkò, ooru kò sì ṣe é tẹ̀ bí ọ́ìlì ṣe ṣe é tẹ̀. Dírẹ́bà á tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wọlẹ̀ lọ títí á fi kan páálí ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ò dúró. Bíréèkì ti féèlì.

Bí Ọlọ́run bá ṣe é, tí wọ́n rí nǹkan rọra kọ lù, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ náà lọ sílé. Mẹkáníìkì á dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á tẹ bíréèkì, bíréèkì mú! Ó tú u, kò rí nǹkan kan tó já, ọ́ìlì ò dínkù. Ó wà á yípo, ó ń mú dáadáa. Ẹnu á ya gbogbo èèyàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Wọ́n á ní ṣé bíréèkì tó féèlì lálẹ́ àná ló ń mú láàárọ̀ yìí, wọ́n á ní èyí kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n á rántí kọ̀ndọ́ tí wọ́n lé lóṣù tó kọjá, wọ́n á rántí ìyàwó àgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n ra ọkọ̀ náà, wọ́n á rántí aládùúgbò tó wò ó sùn-ùn láìkí i. Ìdílé ti dàrú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ ti tú ká. Kò burú kéèyàn gbàdúrà, kò sì sẹ́ni tó ní ayé ò ní ọ̀tá. Àmọ́ ọ́ìlì tó hó lálẹ́ ti tutù láàárọ̀, ó ti padà di ọ́ìlì, ó ti ń ṣe é tẹ̀. Ohun tó fara sin ò ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá sì tún gbé e jáde bẹ́ẹ̀, tó tún gbóná tó tàná, ó máa tún hó.

Ohun tó ń mú kó tètè hó ni ọjọ́ orí ọ́ìlì náà. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń kọ DOT 3 sí lára, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ike, ó gbọ́dọ̀ tó dígíríì 205 kó tó hó. DOT 4 gbọ́dọ̀ tó 230. Àmọ́ ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe máa ń rin nígbà òjò. Tó bá ti fa omi dé ìwọ̀n kan, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì. Èèyàn mélòó ló ń pààrọ̀ ẹ̀? Wọ́n kàn máa ń bu díẹ̀ lé e nígbà tó bá lọ sílẹ̀ ni. Tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun lè jẹ́ pé ọ́ìlì tó gbé wọ ọkọ̀ ojú omi náà ló ṣì wà nínú ẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí wọn kì í tilẹ̀ lo ọ́ìlì, omi ọṣẹ ni wọ́n ń bù sí i nígbà tí kò bá sówó lọ́wọ́. Omi ọṣẹ! Omi tó ń hó ní 100, tó tún ń jẹ irin. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó tún dí bíréèkì ẹ̀yìn pa, kí ló fẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú méjì ṣe?

Ti táńkà àti tírélà yàtọ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì tiwọn, nítorí náà kò sí ọ́ìlì tó máa hó. Àmọ́ dírọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ wọn, irin tó bá sì gbóná máa ń fẹ̀ sí i. Dírọ́ọ̀mù á fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ láínì, láínì á máa lé e lọ, títí ọ̀pá tó ń tì í ò fi ní í ní ibi tó máa lọ mọ́. Ẹsẹ̀ táńkà pọ̀, tí wọ́n bá pa bíréèkì ẹsẹ̀ mélòó kan tì láìtún un ṣe, àwọn tó kù ni wọ́n máa gbóná dórí ikú. Táńkà lítà 33,000 wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa, epo inú ẹ̀ nìkan wúwo ju tọ́ọ̀nù ogún lọ, epo náà á sì tún máa rọ́ síwájú nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, táńkà epo kan dà sílẹ̀ lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó, iná sọ, èèyàn mẹ́sàn-án ó kéré tán ló kú, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta ló jóná mọ́bẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé bíréèkì ló féèlì. Àwọn tó kú ò jẹ gbèsè bíréèkì fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wà lójú ọ̀nà ni.

Ó yẹ kéèyàn wá mọ irú ooru tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Iwájú gbóná ju ẹ̀yìn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ló yẹ kó dọ́gba. Lẹ́yìn ìrìn àjò, kéèyàn gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù, kó má fọwọ́ kàn án o, kó fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Tí iwájú ọ̀tún bá ń jó tí iwájú òsì sì tutù, ọ̀kan nínú wọn ló ń purọ́. Ó lè jẹ́ pé kálípà èyí tó gbóná ti dípẹtà tí kò padà sẹ́yìn mọ́, tàbí pé páìpù rọ́bà ẹ̀ ti wú dí nínú, tó jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé tí kò jẹ́ kó jáde. Ó sì lè jẹ́ pé èyí tó tutù ni kò ṣiṣẹ́ rárá, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló gbóná ju iwájú nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bíréèkì ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ sókè láti ilé dé ibi iṣẹ́, tàbí tí wáyà ẹ̀ ti há. Tí òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jóná bá ń jáde, kí wọ́n dúró. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọmọ tó ń fọ mọ́tò da omi tútù sí irin tó gbóná bẹ́ẹ̀, torí ó lè sán tàbí kó wọ́.

Ní ti òkè, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Èfọ̀n Alààyè sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí tó ń já láti orí Milliken Hill wọ Enugu, tó wá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì látòkè délẹ̀, ó ń se ọ́ìlì ẹ̀ ni. Jíà kékeré ni kó kó sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dá ọkọ̀ náà lọ́wọ́ kọ́, tó bá wá fẹ́ tẹ bíréèkì, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Àwọn tó ń pa jíà sí fíríì kí epo má baà lọ lórí òkè mọ iye tí wọ́n fi ra epo, ó jọ pé wọn ò mọ iye tí wọ́n ń ra ọkọ̀ mìíràn. Tí ẹsẹ̀ bá sì wọlẹ̀ tán tí bíréèkì ò mú, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kíákíá léraléra, kí wọ́n kó jíà wálẹ̀, kí wọ́n máa fà bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá fà á gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn á dúró, ọkọ̀ á yí.

Nǹkan kan ṣì kù táwọn oníbàárà tuntun fi ń bá mẹkáníìkì jà, èyí sì yí ẹjọ́ padà. Nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan tó ní dísíìkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹpútà máa ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yọ̀, nítorí náà páàdì ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ jẹ tán kí tiwájú tó jẹ. Tí mẹkáníìkì bá ní ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jẹ, kí wọ́n má ṣe sọ pé olè ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n ní kó gbé páàdì àtijọ́ náà jáde kí wọ́n jọ wò ó. Nínú ọkọ̀ iná mànàmáná, mọ́tò iná gan-an ló ń dín eré kù lọ́pọ̀ ìgbà kí bíréèkì tó dá sí i. Nígbà tí Volkswagen gbé ID.3 tó ń lo iná jáde lọ́dún 2020, dírọ́ọ̀mù àtijọ́ ni wọ́n tún gbé sẹ́yìn ẹ̀, torí pé iṣẹ́ tó kù fún bíréèkì ẹ̀yìn ò pọ̀ mọ́, dísíìkì tí wọn kì í lò á kàn máa dípẹtà ni.